A Ti Kó Dé Ìlọrin, Àmọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣì Ń Júwe Ọ̀fà

Ọ̀sán gangan ni fóònù mi dún, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Mo gbé e, ohùn àgbàlagbà obìnrin ni, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti dé o, ẹ ti ilẹ̀kùn, àbí ẹ ò ṣí lónìí ni?” Mo ní ẹ káàbọ̀ mà, a ṣí o, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà báyìí, ẹ gbójú sókè ẹ máa rí pátákó wa. Ó ní pátákó tí òun ń wò yìí, gáàsì ni wọ́n kọ sí i.

Àyà mi já. Ọ̀fà ni màmá yẹn wà.

Òmù-Àrán ló ti wọkọ̀ láàárọ̀, ó fẹ́ wá ra aṣọ òfì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Ọmọ yẹn ló bá a tẹ orúkọ wa sórí Google, Google ní Ọ̀fà, nígbà tí wọ́n wá dé Àjàṣẹ́ tí ọ̀nà pín, dípò kó forí lé Ìlọrin ó yà sí ọ̀nà Ọ̀fà. Nọ́ńbà tí mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri nígbà tí a ń kó lọ ló rí pè, àmọ́ “a ti kó lọ sí Ìlọrin” tó wà lókè nọ́ńbà yẹn, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ti kùn ún dé ìdajì. Mo sọ fún un pé Ìlọrin la wà báyìí mà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Há. Ìlọrin kẹ̀.” Kò bínú sí mi rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, ó kàn ní kí n jẹ́ kí òun wá ibì kan jókòó ná nítorí oòrùn ti mú òun.

Mo ya fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀, wọ́n mú ẹtù, mo dì í, mo sáré lọ fún dírẹ́fà kan ní Gáréèjì Ọ̀fà níbí, ó dé ọwọ́ màmá kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ni mo san owó ọkọ̀. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè sùn, mò ń rò ó pé ẹni tó rí nọ́ńbà pè nìyí o, mélòó ló ti dúró níwájú ilé gáàsì yẹn tí wọ́n kàn yí padà lọ ra ti ẹlòmíì?

Oṣù kẹrin tí a ti kó nìyẹn. Màámi ló dá ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀ l'Ọ̀fà, ẹtù, sányán, àlàárì, gèlè àti fìlà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń hun ún fún wa sì jẹ́ ará Ìlọrin látilẹ̀, torí náà nígbà tí lánlọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ gba ilé òun, a kúkú kó wá sí Tanke. Orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa àtijọ́, Ọ̀fà wà nínú ẹ̀, dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù ni. A ò lè wà n'Ílọrin ká máa jẹ́ orúkọ Ọ̀fà, ni mo bá ra tuntun, èyí tó ní .com.ng lẹ́yìn, mo fi orúkọ màámi sí i, mi ò fi ìlú kankan sí i mọ́ kó má tún di wàhálà lọ́jọ́ iwájú.

Kí a tó kó, a ṣe gbogbo ohun tí èèyàn máa ń ṣe. A pe àwọn kọ́sítọ́mà lọ́kọ̀ọ̀kan, a gbé e sí WhatsApp status fún ọ̀sẹ̀ méjì, màámi lọ dágbére fún àwọn ìyá ọjà Ọ̀wọ́dé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mi ò ti ṣe nǹkan gidi. Mo wọ ojú ibi tí mo ti ra dòméènì àtijọ́, ìyẹn orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, mo rí bọ́tìnnì kan tó ní kí n “forward”, kó máa darí èèyàn lọ sí ibi tuntun, mo kọ orúkọ tuntun sí i, mo tẹ ẹ́, mo tẹ orúkọ àtijọ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé mi dé ojú ìwé àkọ́kọ́ ti tuntun, mo ní ó ti parí.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé mo mú ọ̀kan nínú náílọ́nù wa, àwọn tí a máa ń di aṣọ sí. Ẹgbẹ̀rún kan la tẹ̀ l'ọ́dún tó kọjá, QR kóòdù wà lára ẹ̀, tí èèyàn bá fi fóònù wò ó ó yẹ kó gbé e lọ sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ òfì, pé ẹ má fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ àǹkárá, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe ká a. Mo fi fóònù màámi wò ó. Ohun tó gbé jáde ni ojú ìwé funfun pẹ̀lú àmì pupa, ó ní ibí yìí léwu, pé àwọn olè lè fẹ́ jí nǹkan mi. Aṣọ òfì! Mo tẹ ẹ́ tipátipá, ó gbé mi lọ sójú ìwé àkọ́kọ́, kò dé ibi ìtọ́jú aṣọ rárá. Mo wá lọ ṣí àwọn líńkì tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp látọdún yìí wá, “wo sányán yìí, ó mà dáa o”, gbogbo ẹ̀ pátá, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó ń wá sányán, a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, a ò mú un wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe mi wà, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe é. Dòméènì tí ẹ kó kúrò nínú ẹ̀ dà bí ilé àtijọ́ yín, ẹ nílò ẹni tó máa dúró síbẹ̀ máa júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀, kó sì mọ̀ ọ́n júwe. Tí ẹnì kan bá béèrè yàrá ìyàwó kí ó júwe yàrá ìyàwó, tó bá béèrè ilé ìdáná kí ó júwe ilé ìdáná. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ yẹn, gbọ̀ngàn nìkan ló mọ̀. Google náà máa ń rí i, tí gbogbo ojú ìwé àtijọ́ bá ń já sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kan ṣoṣo, ó máa gbà pé àwọn tó kù ti kú ni, iyì tí wọ́n ti ní lójú ẹ̀ láti ọdún yìí wá á ṣòfò.

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ jù tí ẹni tó ń júwe ọ̀nà yẹn máa ń fún èèyàn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. 301 túmọ̀ sí pé wọ́n ti kó lọ pátápátá, ẹ máa bá wọn níbòmíì láti òní lọ. 302, ó jáde lọ ni, ó ń bọ̀ wá. Tí ẹ bá fi 302 síbẹ̀ nígbà tí ẹ ti kó lọ tán, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ fún Google pé kó máa fojú sọ́nà de yín. Nígbà tí mo wo ti èmi, 302 ni. Oṣù mẹ́rin gbáko.

Bí mo ṣe tún un ṣe rèé. Mo pa bọ́tìnnì forward yẹn, mo jẹ́ kí dòméènì àtijọ́ wà lórí hosting kan náà pẹ̀lú tuntun, ìyẹn ibi tí a háyà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé, mo wá lo fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní .htaccess, àwọn tí sáfà wọn jẹ́ Apache máa mọ̀ ọ́n. Ká ní orúkọ ojú ìwé yín ò yàtọ̀ láàárín àtijọ́ àti tuntun, ìlà kan péré ti tó, ó máa mú ìrù líńkì yẹn, ohun tó tẹ̀ lé orúkọ dòméènì, dání lọ sí ibi tuntun. Àmọ́ èmi ti pààrọ̀ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, torí náà mo ní láti so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú ìwé ẹ́sáìsì kan, mo fa ìlà sí i láàárín, àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Iná lọ nígbà tí mo dé bíi ogójì, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mo gbé e sínú ife kó lè tàn sókè, mò ń kọ ọ́ lọ. Ibi tí mo ti gbé àlàárì lọ sójú ìwé ẹtù wà níbẹ̀, àbúrò mi tó wà ní Unilorin ló bá mi rí i l'ọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì bá yín wò ó, ojú yín nìkan ò ní tó o.

Nígbà tí mo gbé e sókè, wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn ò ṣí mọ́ rárá! Ó ń sọ pé ìjúwe ti pọ̀ jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibì kan ṣì wà nínú WordPress, ètò tí a fi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, àtijọ́ ń sọ pé ẹ lọ bá tuntun, tuntun ń sọ pé ẹ padà lọ bá àtijọ́, wọ́n ń ti èèyàn síwá sẹ́yìn. Mo yí orúkọ inú WordPress padà, ó dáa, síbẹ̀ fóònù tèmi ṣì ń gbé àṣìṣe jáde, mo ti fẹ́ bú sẹ́kún kí àbúrò mi tó ní kí n fi fóònù ẹlòmíì wò ó. Àṣé bùráúsà, ohun tí a fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì lórí fóònù, máa ń rántí 301 ni, tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í padà lọ béèrè mọ́. Ẹ má fi fóònù tí ẹ fi ń tún un ṣe dánwò o, tàbí kẹ́ ẹ lo incognito, ojú ìwé ìkọ̀kọ̀ inú bùráúsà tí kì í rántí ti àtẹ̀yìnwá.

Ti àmì pupa yẹn, SSL ni, ìwé ẹ̀rí tí bùráúsà máa ń béèrè lọ́wọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Mo ti fi SSL sórí tuntun, mo ní àtijọ́ ò nílò ẹ̀ mọ́ ṣebí a ti kó kúrò ńbẹ̀. Irọ́ ni. Tí èèyàn bá tẹ líńkì tó ní https, bùráúsà máa kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dòméènì àtijọ́ kí ó tó gbọ́ pé wọ́n ti kó lọ, tí kò bá rí ìwé ẹ̀rí kò ní gbọ́ ìjúwe kankan. Let's Encrypt ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, 90 ọjọ́ ni tiwọn máa ń lò kó tó parí, torí náà ẹ rí i pé hosting yín ń tún un gbà fúnra ẹ̀ fún orúkọ méjèèjì.

Ímeèlì náà wà níbẹ̀. Àwọn kan l'Ábújá tó máa ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ wa, ímeèlì àtijọ́ ni wọ́n ní, nígbà tí mò ń yí nǹkan padà nínú DNS, ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ibo ni dòméènì ń tọ́ka sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa MX rẹ́, ìyẹn ìlà tó ń sọ ibi tí lẹ́tà máa gbà wọlé. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí mo fi rí i. Dòméènì àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì máa gba lẹ́tà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lọ sọ fún Google tààrà. Inú Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Change of Address, ẹ máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni méjèèjì, àtijọ́ àti tuntun, ẹ wá tẹ ẹ́ pé ẹ ti kó, 180 ọjọ́ ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ lé e. Google fúnra wọn ní kí èèyàn fi ìjúwe sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Èmi ní tèmi o, mo ní ẹ má mú un kúrò láéláé. Náílọ́nù yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn èèyàn ní Kàdúná, ní Èkó, aṣọ òfì kì í gbó bọ̀rọ̀, ẹni tó rà á l'ọ́dún tó kọjá lè gbé e fún ọmọ ẹ̀ ní ogún ọdún sí i, nínú náílọ́nù kan náà. Tí mo bá jẹ́ kí dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù yẹn lọ, lẹ́yìn àsìkò tí wọ́n fún èèyàn láti tún un san, 30 ọjọ́ ló kù tí mo fi lè rà á padà lówó gọbọi, 5 ọjọ́ tún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni lè gbà á. Ẹni yẹn lè fi ta ohunkóhun tó bá wù ú, orúkọ ṣọ́ọ̀bù màámi ló máa wà lókè ẹ̀. Mo ti san ti ọdún márùn-ún sílẹ̀.

Ó wá ku Google Maps, tó gbé màmá lọ sílé gáàsì.

Àṣìṣe tèmi níbẹ̀ ni pé nígbà tí a dé Tanke mo ṣí Business Profile tuntun, ìyẹn ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù lórí Google Maps, dípò kí n wọ inú ti àtijọ́ kí n yí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ padà. A wá ní méjì. Ti Ọ̀fà ló ní gbogbo ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ rere tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ti Ìlọrin ò ní nǹkan kan, torí náà ti Ọ̀fà ni Google ń gbé síwájú, èmi náà ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá jẹ́ Google. Mo pa tuntun yẹn, mo padà sínú àtijọ́, mo gbé píìnì láti Ọ̀fà wá sí Tanke, wọ́n ní kí n ṣe fídíò láti fi hàn pé lóòótọ́ ni.

Fídíò yẹn, wọn ò fẹ́ kí èèyàn gé e tàbí lẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, wọ́n fẹ́ rí àdúgbò, wọ́n fẹ́ rí pátákó, wọ́n sì fẹ́ rí nǹkan tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí títì, níbi tí èèyàn ti lè rí Típà Gáréèjì lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ̀kẹ́ ń kọjá, mo rìn bọ̀ wá síwájú pátákó, mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò mo fi ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo tú aṣọ sányán kan lórí káńtà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí ó tó wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já a, àfi ìgbà tí mo jí ní aago márùn-ún àárọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n gbà á. Àwọn ìràwọ̀ yẹn bá wa wá sí Tanke, kò sọnù, mo fi han màámi ó ṣàdúrà fún mi títí.

Àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ jẹ́ wàhálà fúnra ẹ̀ n'Ílọrin yìí. Ilé tí a wà ò ní nọ́ńbà. Ibì kan ni mo kọ “Tanke Oke-Odo” sí, ibì kan “University Road”, ibì kan “lẹ́yìn Típà Gáréèjì”. Èèyàn máa mọ̀ pé ibì kan náà ni, kọ̀ǹpútà ò mọ̀, ó máa rò pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni. Mo wá jókòó mo kọ orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù sínú nóòtù fóònù mi bí mo ṣe fẹ́ kó wà, kọ́mà pẹ̀lú kọ́mà, ibẹ̀ ni mo ti ń dà á kọ síbi gbogbo. Mo fi Plus Code kún un, èyí tí ẹ máa rí lórí Google Maps tí ẹ bá tẹ píìnì yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ ni, kò nílò orúkọ títì tàbí nọ́ńbà ilé, dírẹ́fà tó bá tẹ ẹ́ á dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò ní Tanke, ní Gáà-Akanbí, ní Fátè, ẹ lò ó, mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́.

Àwọn máàpù àti ibi tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. Bing Places máa ń jẹ́ kí èèyàn kó o wá láti Google, kò pẹ́. Apple náà ti gba àwọn ọlọ́jà láyè láti máa tún tiwọn ṣe fúnra wọn láti 2023, kò gbowó. OpenStreetMap, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, àbúrò mi ló yọ wá kúrò l'Ọ̀fà níbẹ̀. Facebook, WhatsApp Business, mo ṣe wọn láàárín wákàtí kan. CAC náà, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹ ti yí àdírẹ́ẹ̀sì padà, ẹ má fi ìyẹn falẹ̀.

Àwọn ìwé àkójọ orúkọ ilé iṣẹ́ ló gba ẹ̀mí mi. Mo tẹ nọ́ńbà fóònù wa àtijọ́ sórí Google, nínú àmì àyọlò kó lè mú un bó ṣe rí, mo rí i ní ibi mọ́kànlá tí èmi ò tiẹ̀ fi ọwọ́ ara mi forúkọ sílẹ̀ sí, ara wọn ni wọ́n ń dà á kọ. Nọ́ńbà yẹn sì ti kúrò lọ́wọ́ wa, a ò lo síìmù yẹn mọ́, wọ́n ti tà á fún ẹlòmíì. Mo pè é, ọkùnrin kan ní Lọ́kọ́ja ló gbé e, ó ní ṣé èmi ni mo ni aṣọ òfì tí wọ́n ń fi da òun láàmú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá tún pè kó jọ̀ọ́ fún wọn ní nọ́ńbà tuntun, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́sítọ́mà méjì ti wá látọwọ́ ẹ̀, mo ti fi fìlà ẹtù kan ránṣẹ́ sí i. Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá yẹn ti gbọ́. Ọ̀kan tó kù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò dáhùn, màá tún kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Màmá Òmù-Àrán wá fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ìgbéyàwó ti lọ dáadáa, ó tún fẹ́ ra ti àbúrò ìyàwó. Fóònù ọmọ ẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún wọn, kẹ̀kẹ́ já wọn sílẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an. Náílọ́nù tó ní QR kóòdù Ọ̀fà yẹn ló kó ẹrù sí wá, mo yọ fóònù mi mo fi wò ó níṣojú ẹ̀, ó ṣí ibi ìtọ́jú aṣọ. Mo fẹ́ fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀ fún un, ó ní rárá o, kí n dá ti òun padà, ó ṣì le.